"Èló Ni?": Ọ̀rọ̀ Tó Bọ́ Lẹ́nu Mi ní Beijing

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí mo ti dé láti Ṣáínà, gbólóhùn kúkúrú kan kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Kì í ṣe ti ẹrù. Ẹrù mi ṣì wà lójú omi, ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ̀. Kì í ṣe ti owó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wà nínú ìtàn yìí, ẹ ó sì gbọ́ iye rẹ̀. Gbólóhùn tí gbogbo oníṣòwò wa tó ń lọ sí Guangzhou máa ń mọ̀ kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ni: duoshao qian. Èló ni?

Mo sọ ọ́ fún bàbá arúgbó kan ní ìdájí ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, nínú ọgbà Tiantan ní Beijing. Bàbá náà kò tajà kankan. Láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Balógun, tó gbé báàgì sókè, tó ní "èló ni?", ńṣe ni ara mi máa ń ta bí ẹni tí iná jó.

Mo ti sọ ọ́ fún ènìyàn mẹ́ta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rẹ́rìn-ín níbi tí mi ò ti rò pé ó pa ẹ̀rín. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá á kúrò lórí mi.

## Guangzhou sọ mí di ọlọ́gbọ́n

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń lọ ra báàgì ní Guangzhou. Mo mọ Xiaobei, àdúgbò tí àwa ará Áfíríkà pọ̀ sí níbẹ̀, bí ẹni mọ àdúgbò tí wọ́n bí i sí. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ro ẹ̀bà tó le dáadáa, mo mọ ẹni tó ń bá wa kó ẹrù tí kì í purọ́ ìwọ̀n, mo sì mọ ṣọ́ọ̀bù tí iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá kò ju ọ̀rọ̀ ìkíni lásán lọ. Tí wọ́n bá ń pè mí ní "pengyou, pengyou", ìyẹn ọ̀rẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ọjà ni, ọ̀rẹ́ tó ń parí síbi tí owó bá parí sí. Kò burú. Èmi náà ń yan irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Balógun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí mo tètè dé, nítorí ìpàtẹ ọjà Canton ní Guangzhou tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá. Àmọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń tilẹ̀kùn fún àyájọ́ ìdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn, odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n kan wà tó fi ọ̀nà Ṣáínà hàn mí, tó ti ń gbé Xiaobei kí n tó ní ìwé ìrìnnà rárá. Ó ní, "Àbúrò, ọdọọdún lò ń wá. Ṣáínà wo gan-an lo mọ̀? Ilé ìtura, ọjà, pápákọ̀ òfurufú. Wọ ọkọ̀ ojú irin, lọ wo Beijing."

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án. Ọ̀nà náà lé ní 2,000 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ kò gbà ju wákàtí mẹ́jọ àti díẹ̀ lọ. Mo sùn, mo jí, mo jẹ núdù, mo tún sùn. Ohun tí èmi àti ẹ̀gbọ́n kò rò ni pé ọ̀sẹ̀ tí àwọn tó ń ta báàgì fún wa bá sinmi, gbogbo Ṣáínà ló ń sinmi, gbogbo Ṣáínà tó ń sinmi yìí ló sì ń rìnrìn àjò. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú rí Beijing ní ìrọ̀rùn, kó lọ ní ọ̀sẹ̀ mìíràn nínú ọdún. Èmi kò ní ọ̀sẹ̀ mìíràn.

## Yàrá tí kò ní fèrèsé

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 30 ni. Mò ń rìn ní Wangfujing, òpópónà ìtajà ńlá tí kò jìnnà sí ààfin àwọn ọba àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Gugong. Mo ti ra omi, mò ń wo iná. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín sí mi. Gẹ̀ẹ́sì wọn já gaara. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ làwọn, wọ́n ní ìlú mìíràn làwọn ti wá ṣeré, àwọn sì fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì dá ẹnu lára yá.

Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, mo ti fẹ́ máa lọ. Ọmọkùnrin náà wá bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo sì fún un ní káàdì ìṣòwò mi bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ènìyàn ní orílẹ̀-èdè yẹn. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á. Ó dúró, ó ka orúkọ mi jẹ́jẹ́, ó kà á tán kó tó rọra fi í sápò.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú mi. Bí wọ́n ṣe máa ń gba káàdì ní Ṣáínà nìyẹn, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń ṣe é, ọmọ ọ̀dọ̀ ń ṣe é, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ Yorùbá ni mí. Ọmọ tó fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, báwo ni mo ṣe fẹ́ pè é ní olè?

Wọ́n ní ilé tíì kan wà nítòsí, kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń po tíì láyé àtijọ́. A gun òkè. Yàrá kékeré ni, kò ní fèrèsé. Obìnrin kan wọlé pẹ̀lú aṣọ sílíkì, ó to àwọn ife tí kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ sórí pákó. Ó po tíì òdòdó jásímínì, ó po oolong, ó po pu'er tó dúdú bí àgbo ibà, ó ń bá a lọ títí ó fi di oríṣi mẹ́fà. Ó ń ṣàlàyé, ọmọbìnrin yẹn ń túmọ̀, èmi ń mi orí bí ọba tí wọ́n ń kì. Ìwé iye owó wà lórí tábìlì. Mo rí i. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, mi ò sì ṣí i.

Ẹ wo èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí o. Mo ti fi ogójì ìṣẹ́jú jà rí lórí yuan méjì, owó Ṣáínà, lórí báàgì kan. Ìyá mi ta aṣọ ní Dùgbẹ̀. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ ọjà ná. Àmọ́ wọ́n ti sọ mí di àlejò kí n tó jókòó, ilé tí wọ́n sì ti tọ́ mi, a kì í bi ẹni tó gbé nǹkan ẹnu síwájú wa pé èló ni. Ojú ló ń tì mí. Ìtìjú yẹn gan-an ni wọ́n ń tà.

Ìwé owó dé: 1,680 yuan. Ọmọbìnrin náà la ẹnu bí ẹni tí háà ṣe, ó ní òun á san díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀bìtì tí kò kún ẹmọ́ lójú, òun ní í yí i lẹ́pọ̀n sẹ́yìn; ife bí ìdérí ìgò ló mú èmi.

Kí ẹ má baà sọ pé mi ò ṣe bí ọmọ ọjà: mo ná an. Mo jókòó, mo ní mi ò lọ. Mo yọ fóònù, mo tẹ 110, nọ́mbà àwọn ọlọ́pàá wọn, mo gbé e sórí tábìlì láìpè. Láti 1,680 a dé 900, láti 900 a dé 500. Mo san 500 mo bọ́ sí títì, orí mi wú díẹ̀. Ìgbà tí mo dé ilé ìtura ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú iye tí ewé tíì yẹn tó ní ọjà, orí mi sì wálẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Ìwọ náà! Àlejò lójú, kò fi ríran. Ṣé o gbọ́, láti ìsinsìnyí lọ, má dá ẹnikẹ́ni lóhùn níbẹ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni."

Mo ní mo gbọ́, sà. Ìmọ̀ràn yẹn ló bà mí jẹ́.

## Òkè ènìyàn, òkun ènìyàn

Àwọn ará Ṣáínà ní ọ̀rọ̀ kan fún èrò tó pọ̀: ren shan ren hai, òkè ènìyàn, òkun ènìyàn. Mo ti kọjá ní Ọ̀ṣòdì ní àìsùn Kérésì, mo rò pé mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní èrò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, lórí Ògiri Ńlá Ṣáínà ní Badaling, mo dúró lójú kan débi pé mo mọ iye bọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn aṣọ obìnrin tó wà níwájú mi.

Kò sí ẹni tó tàn mí débẹ̀. Èmi fúnra mi ló wá a lọ, nítorí Badaling ló kọ́kọ́ jáde lórí fóònù. Ibẹ̀ ni ìjọba kọ́kọ́ ṣí fún àlejò ní ọdún 1957. Ibẹ̀ ni wọ́n mú Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ ní 1972. Mao Zedong, olórí Ṣáínà àtijọ́, sì ti kọ ọ́ sínú ewì pé ẹni tí kò bá dé Ògiri Ńlá kì í ṣe akọni. Wọ́n ti kọ ọ́ sára aṣọ àti fìlà, gbogbo ènìyàn ló sì fẹ́ di akọni ní ọjọ́ kan náà. Láti òpin ọdún 2019 ni ọkọ̀ ojú irin ayára ti ń dé ibẹ̀, ibùdó rẹ̀ wà ní 102 mítà nísàlẹ̀ òkè, bí ẹni ń gòkè bọ̀ láti inú kànga. Iye ènìyàn tí wọ́n fi òté lé lójúmọ́ jẹ́ 65,000. Ó dá mi lójú pé iwájú mi ni gbogbo wọn wà.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo padà délé ni pé nígbà tí wọ́n wọn gbogbo ògiri tí àwọn ọba oríṣiríṣi mọ, tí wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2012, ó lé ní 21,000 kìlómítà. Apá ti Badaling tí a lè rìn kò pé mẹ́rin. Àwọn apá mìíràn wà: Mutianyu wà, Jinshanling wà, ó lé ní 100 kìlómítà sí àárín ìlú, àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn ló ń lọ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó fi wọ́n pa mọ́ fún mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n ti wọ̀ mí lára. Oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan na ìka mẹ́ta sókè, tó bá di pé a dé ibi tí à ń lọ, mẹ́ta yẹn á ti di ọ̀ọ́dúnrún; mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọkùnrin kan sọ fún mi nítòsí Gugong pé wọ́n ti ti ààfin lónìí, kí n tẹ̀ lé òun lọ síbòmíràn. Irọ́ ni. Wọn kò tì í. Tíkẹ́ẹ̀tì ló tán, nítorí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń tà á ṣáájú ọjọ́, pẹ̀lú nọ́mbà ìwé ìrìnnà. Mo gba ẹ̀gbẹ́ òun náà kọjá. Lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan sọ nǹkan sí mi, mo tún kọjá. Mo ti dé ìsàlẹ̀ kí n tó wẹ̀yìn, mo sì rí i tó ń fa báàgì ńlá kan lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ló ń bèèrè. Èrò ti kún àárín wa.

## Omi lórí òkúta

Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Ilé ìtura mi kò jìnnà sí Tiantan, ọgbà ńlá tí àwọn ọba ti máa ń lọ bẹ ọ̀run fún ìkórè láti 1420. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìdájí, ìgbà tí àwọn àlejò ìlú ń dú ààyè ní gbàgede Tiananmen láti wo bí wọ́n ṣe ń ta àsíá, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà, mo wọlé.

Mi ò tíì rí àlejò kankan. Àwọn àgbàlagbà ló kún ibẹ̀. Ìyá kan gbé ẹsẹ̀ lé orí irin tó ga dé àyà rẹ̀, ó ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fara ti ògiri. Àwọn kan ń ta káàdì lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, wọ́n ń lù ú mọ́lẹ̀ bí àwọn bàbá ṣe máa ń gbá ọmọ ayò sílẹ̀ níbi ọpọ́n. Àwọn mẹ́rin ń fi ẹsẹ̀ gbá jianzi síra wọn, ohun kékeré oníyẹ̀ẹ́ tí kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó kéré jù nínú wọn á ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kò sí ẹni tó wò mí lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá kan wà ní ẹ̀gbẹ́ igi síípírésì kan. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú, ó di kọ́kọ́rọ́ mọ́ bẹ́líìtì. Ó mú igi gígùn kan lọ́wọ́ tí ó fi fóòmù ṣe ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bí búrọ́ọ̀ṣì, ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ inú korobá omi, ó ń fi kọ̀wé sórí òkúta tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Omi lásán ni. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi tó àwo ìjẹun. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ìlà á nípọn. Bó bá gbé e díẹ̀, ìlà á tín-ín-rín bí irun. Kí ó tó kọ ẹ̀kẹjọ tán, ẹ̀kíní ti ń gbẹ láti etí wá. Kò wẹ̀yìn wò ó. Ó kàn ń bọ́ sí orí òkúta mìíràn.

Mo dúró pẹ́. Nígbà tó yá ó gbójú sókè, ó ní "Feizhou?" Áfíríkà? Mo mi orí. Ó tún bèèrè nǹkan, mo mọ̀ pé orílẹ̀-èdè wo ni. Mo ní, "Niriliya." Bí wọ́n ṣe ń pè wá nìyẹn.

"Niriliya," ó tún un pè. Ó ronú díẹ̀, ó tẹ igi bọ omi, ó sì kọ ọ́: lẹ́tà mẹ́rin gbọ̀ọ̀rọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ níwájú bàtà mi. Mo ti ń rí lẹ́tà mẹ́rin yẹn lára páálí ẹrù mi láti ọdún mẹ́sàn-án, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n àti nọ́mbà kọ̀nténà. Mi ò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni fi ara balẹ̀ kọ ọ́ rí.

Ó gbé igi ti igi, ó tẹ̀ ba, ó mú fíláàsì rẹ̀ nílẹ̀. Ó ṣí i, ó bu tíì sínú ìdérí rẹ̀, ó dìde, ó sì nà án sí mi.

Ọwọ́ méjèèjì ló fi nà án.

Ẹnu mi ló sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. "Duoshao qian?"

Ó kọ́kọ́ dúró bí ẹni tí kò gbọ́. Mo wá tún un sọ, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé, mo tún un sọ ní ohùn tó le, ohùn tí mo máa ń lò ní ọjà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá jianzi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ fún àwọn yòókù, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìdérí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, "Bu yao qian." Òun ò gba owó. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ṣàlàyé nǹkan fún ọmọdé. Ó fẹ́ tún nà án, ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ó da tíì náà sẹ́bàá igi, ó dé fíláàsì rẹ̀, ó gbé igi àti korobá, ó lọ bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mi.

Kí n tó rí "xiexie" sọ, ìyẹn ẹ ṣé, Niriliya ti ku lẹ́tà kan àti àbọ̀ nílẹ̀.

## Ẹ̀tàn ní àdírẹ́sì

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Àwọn ènìyàn ń fi òwe yẹn bá mi wí pé kò burú, pé ara mi ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni. Mi ò gbà. Ejò àti ekòló kì í gbé ojú kan náà, ẹni tó bá sì mọ ibi tí ejò ń gbé kò ní bẹ̀rù gbogbo ohun tó ń wọ́ nílẹ̀. Ìmọ̀ràn "má dá ẹnikẹ́ni lóhùn" dà bíi pé kí ènìyàn di ojú rẹ̀ nítorí pé ó rí ohun tí kò dára.

Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi báyìí kò le: ta ló fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ wá bá mi? Àwọn ọmọ méjì ní Wangfujing kò ní iṣẹ́ mìíràn ju èmi lọ. Òpópónà yẹn, ní wákàtí yẹn, kò sí ohun tí ará Beijing tó ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ń wá níbẹ̀ tí á fi ní àyè àlejò. Bàbá Tiantan wà lẹ́nu ìwé rẹ̀ kí n tó dé. Ì bá wà lẹ́nu rẹ̀ bí mi ò bá wá. Èmi ni mo dúró tì í. Ìyá orí àtẹ̀gùn náà, báàgì rẹ̀ ló ń gbé.

Bí mo ṣe lo ọjọ́ tó kù nìyẹn, ó sì yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó. Mo lọ sí Nanluoguxiang, òpópónà àtijọ́ tí èrò pọ̀ débi pé ní ọdún 2016, àwọn tó ń bójú tó o ní kí ìjọba gba oyè ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n fún un padà, wọn ò fẹ́ mọ́. Ọ̀nà kéékèèké mẹ́jọ ló yà sí òsì, mẹ́jọ yà sí ọ̀tún. Mo yà sí ọ̀kan. Ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ àádọ́ta, ariwo ti kú. Aṣọ ń gbẹ lórí okùn, ọkùnrin kan ń fọ kẹ̀kẹ́, ológbò kan sùn sórí ìjókòó alùpùpù. Ní etí ọ̀nà, àwọn ará àdúgbò tò síwájú obìnrin tó ń ṣe jianbing, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fọ́ ẹyin sí. Mo tò pẹ̀lú wọn. Iye rẹ̀ wà lára ògiri, gbogbo wa la san ún.

Ọjọ́ kejì, tíkẹ́ẹ̀tì Gugong ṣì tán. Mo gun òkè Jingshan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní kété tí wọ́n ṣílẹ̀kùn; yuan méjì ni. Erùpẹ̀ tí wọ́n wà jáde nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ yàrà yí ààfin ká ni wọ́n fi ṣe òkè yẹn. Gbogbo ààfin wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, òrùlé aláwọ̀ ìyeyè lórí òrùlé. (Ní 1421, ọdún kejì tí wọ́n kọ́ ọ tán, mànàmáná jó gbọ̀ngàn ńlá mẹ́ta níbẹ̀. Wọ́n tún un kọ́. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ní tòótọ́.) Láti òkè yẹn mo rí àwọn tó wọlé láti ẹnu ọ̀nà gúúsù, tí wọ́n ń rìn lójú kan lọ sí àríwá bí ìjàlọ, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n gbà wọ́n láàyè. Mi ò ṣe ìlara wọn, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́: ó wù mí kí n wọlé. Kì í ṣe gbogbo ibi tí èrò pọ̀ sí ni ẹ̀tàn. Ibòmíràn wà tí èrò pọ̀ sí nítorí pé ó dára.

Ìdí kan tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń jẹ mí. Èmi náà ń ta nǹkan fún àlejò. Tí òyìnbó kan bá ṣèèṣì yà sí Balógun, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọjà mọ iye tí à ń dá fún un, ẹ sì mọ orúkọ tí à ń pè é: "my friend." À ń rẹ́rìn-ín, à ń fún un ní àga. Àwọn ará Ṣáínà ti ṣòfin lórí irú rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2013 ni òfin wọn ti ka mímú àlejò rìn ní owó pọ́ọ́kú kí wọ́n lè tì í sínú ṣọ́ọ̀bù léèwọ̀. Òfin lè mú ilé iṣẹ́. Kò lè mú ẹ̀rín. Mo ń rò ó pé bóyá òyìnbó kan wà níbìkan, tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi tútù fún ní Èkó, tí òun náà ní "how much?", tí ìyá kan fi gbé omi rẹ̀ padà.

Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo tà á ní báàgì lọ́jọ́ tó ṣáájú ńkọ́?

## Ọjọ́ ìkẹyìn

Ìyàwó mi máa ń di ẹ̀pà inú ìgò sí ẹrù mi, ìgò méjì, fún oorun òru tí kò bá wá. Ọ̀kan ṣì kù. Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ padà sí Guangzhou, mo fi í sápò jákẹ́ẹ̀tì mi, mo lọ sí Tiantan ní aago mẹ́fà. Mo ti fi fóònù kọ́ gbólóhùn tí mo fẹ́ sọ. Mo ń tún un sọ lójú ọ̀nà bí ọmọ iléèwé.

Òjò ti rọ̀ lóru. Kò pọ̀, àmọ́ gbogbo òkúta ilẹ̀ ló tutù, ó ń dán bí awọ ẹja. Àwọn oníjianzi wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọlọ́pọ́n káàdì. Ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn dá mi mọ̀. Mo fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń kọ̀wé sílẹ̀, mo na ọwọ́ sí ìdí igi síípírésì. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo ilẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ fa ìlà kan lórí òkúta tó tutù, kí n lè rí i pé kò hàn.

Mo ṣí ìgò ẹ̀pà, mo nà án sí i. Ó wò ó, ó wò mí, ojú rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín kó tó lanu.

"Duoshao qian?" ló ní.